Àwọn Ọmọ Ẹ̀yìn Ògiri

Nǹkan márùn-ún la ṣe tí kò tọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Nyanya, ní Abuja, lọ́jọ́ tí àwọn olùkọ́ láti Ghana wá wò ó. A yá ọgbọ̀n àga lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Wuye. A kun iwájú kíláàsì nìkan. A fi àgádágodo ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nítorí kò sí omi. Nínú ọmọ mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún tí mò ń kọ́, a kó mẹ́rìndínlọ́gọ́ta lọ sí ẹ̀yìn ògiri ọgbà, nítorí bàtà wọn ti ya. Ìkarùn-ún ni pé èmi, Mofìyìnfólúwa, purọ́ nítorí ọkùnrin tí mo fẹ́ràn.

Oṣù mẹ́ta ṣáájú ni mo kọ́kọ́ rí Adéjùwọ́n. Ọ́fíìsì ìjọba tó ń bá ṣiṣẹ́ ló rán an wá ka fèrèsé tó ti fọ́. Kò rí àga, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn ọmọ, tòun ti ṣòkòtò tó lọ̀ dáadáa, títí mo fi parí ìṣirò. Nígbà tó dìde, eruku bo gbogbo ìdí rẹ̀.

"Olùkọ́," ló wí, "bí ṣòkòtò yìí ò bá mọ́, ẹ̀yin ni n óò gbé e wá bá."

Mo ní ọṣẹ mi kì í ṣe ti ìjọba. Ọjọ́ náà ni ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn.

Màámi kọ́kọ́ béèrè bóyá ará Kàbbà lè mọyì ọmọ Èkìtì. Nígbà tó gbọ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni, tó sì jẹ́ onígbàgbọ́, ìbéèrè rẹ̀ tán. Àwọn ẹbí fi mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ sí Sátidé tó ń bọ̀ yìí.

Adéjùwọ́n yìí kan náà ló ṣètò ìbẹ̀wò. Òun ló yá àga. Òun ló ka bàtà àwọn ọmọ.

Ìyáàfin Priscilla, aṣáájú àwọn àlejò, bi kíláàsì ní iye tí mẹ́sàn-án lọ́nà méje jẹ́. Àwọn ọgbọ̀n tó mọ́ tónítóní dákẹ́. Àga olówó ń dẹ́rù bà wọ́n. Ni ìdáhùn bá gba ojú fèrèsé wọlé láti ẹ̀yìn ògiri, ohùn rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan náà: mẹ́tàlélọ́gọ́ta.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó béèrè ibi tí ohùn ti wá.

"Ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ni, mà," ni Adéjùwọ́n wí. Ó yíjú sí mi. "Àbí, olùkọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni mo wí.

Àwọn ọmọ mi ṣì wà lẹ́yìn ògiri. Wọ́n ti gbọ́ mi.

Lánàá ni ìròyìn àwọn àlejò náà jáde. Adéjùwọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, ó ní kí olólùfẹ́ òun ka ojú ìwé kẹta, pé wọ́n yìn mí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ní Nàìjíríà, ọgbọ̀n ọmọ péré ni olùkọ́ kan ń kọ́, oníkálukú lórí àga tirẹ̀. Pé kí àwọn olùkọ́ Ghana tó ń ráhùn nípa èrò kíláàsì wá kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ wa. Irọ́ wa ti sọdá ààlà, ó ń na olùkọ́ tí kò mọ̀ wá rí.

Nígbà tí mo sọ fún Màámi pé mo fẹ́ kí a jẹ́wọ́ irọ́ náà, ó ní ṣé nítorí àga ni n óò ṣe pàdánù ọkọ. Ṣebí bí àlejò bá ń bọ̀, a máa ń gbálẹ̀.

"Ilẹ̀ la máa ń gbá, Màámi. A kì í gbá ọmọ síta."

Nírọ̀lẹ́ òní, Adéjùwọ́n wá bá mi sọ̀rọ̀ Sátidé. Mo ní kó kọ́kọ́ tún irọ́ náà ṣe. Ojú rẹ̀ fà ro.

"Mofìyìn mi, bí mo bá sọ òtítọ́, wọ́n á gbé mi kúrò ní Abuja. Ibo la fẹ́ kó sí?"

Mo sọ fún un pé mo ṣì fẹ́ràn ẹni tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ́jọ́sí, àmọ́ mi ò rí i mọ́ láti ìgbà tí àga ti dé.

"Adéjùwọ́n, nọ́ńbà Ìyáàfin Priscilla wà lọ́wọ́ rẹ. Bí o kò bá kọ̀wé sí i, kí ẹnikẹ́ni má wá sílé wa ní Sátidé. Kọ orúkọ rẹ sí i, kí n kọ tèmi tẹ̀ lé e. Sọ fún un pé àwọn tó dáhùn lẹ́yìn ògiri, ọmọ wa ni wọ́n. Jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, bíi tọjọ́ yẹn, kí o kọ ọ́ níṣojú mi."