Ìgbòho Lórí Àgọ́-Àrẹ

Ẹsẹ̀ ni Mọ́ládé kọ́kọ́ rí. Ẹsẹ̀ méjì gbọọrọ, tí eruku ọyẹ́ ti sọ di funfun, yọ jáde lábẹ́ tábìlì nínú ọ́fíìsì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ṣakí, ní ọdún 1988.

"Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?"

"Èmi Cornelius ni. Eku ti jẹ wáyà kọ̀ǹpútà."

Ó yọ orí jáde, òwú aláǹtakùn bo irun rẹ̀. Mọ́ládé bú sẹ́rìn-ín. Ìwé tó fi ń kọ ìwọ̀n iṣu oko kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ló gbé wá. Iṣẹ́ Cornelius ni láti mú kí kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di àwòrán ọ̀pá-ọ̀pá, tí gíga ọ̀pá ń fi bí iṣu ṣe pọ̀ tó hàn.

Láti ọjọ́ náà ni ara wọn kò ti balẹ̀ mọ́. Jẹnẹrétọ̀ á kú, wọn á jókòó dè é. Ìwé á há sẹ́nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, wọn á jọ fà á yọ. Cornelius kò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ. Bí Mọ́ládé bá pẹ́ lóko, á dìde lọ sẹ́nu ọ̀nà, á padà wá jókòó, á tún dìde.

"Ṣé èèrà wà lórí àga rẹ ni?" Mọ́ládé bi í lọ́jọ́ kan tó wọlé bá a bẹ́ẹ̀.

"Ìwọ ni èèrà náà."

Nígbà tó ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ, Mọ́ládé ní kó lọ bá bàbá òun. Ládòkun, bàbá rẹ̀, ni olórí àwọn àgbẹ̀ Àgọ́-Àrẹ; ọ̀rọ̀ náà sì ti ta sí i létí.

Ṣùgbọ́n ìpàdé àwọn àgbẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Cornelius lẹ àwòrán iṣu ọdún náà mọ́ ògiri. Ó ti to àwọn ìlú lé ara wọn nínú ọ̀pá kan ṣoṣo: Àgọ́-Àrẹ nísàlẹ̀, Ìgbòho lókè.

Ládòkun wò ó títí. "Ta ló gbé Ìgbòho gun orí wa?"

"Bàbá, ẹnikẹ́ni ò gun ẹnikẹ́ni. Àpapọ̀ iṣu ni…"

"Iṣu tó bá wà nísàlẹ̀ ló ń jẹrà! Ẹni tó fi wá sísàlẹ̀ ni yóò wá fẹ́ ọmọ mi?"

Ó bínú jáde.

"Tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn," Mọ́ládé sọ fún Cornelius. "Kí ìlú kọ̀ọ̀kan dá dúró."

Cornelius yí àṣẹ tó fún kọ̀ǹpútà padà. Nígbà tí ìwé jáde, Mọ́ládé gbé e sún mọ́ ojú. Ọ̀pá Ìgbòho ga ju ti Àgọ́-Àrẹ lọ fíofío. Síbẹ̀, wọ́n gbé e lọ sílé bàbá.

Ládòkun rí i, ojú rẹ̀ le. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Fi pẹ́ńsù fa tiwa sókè díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ká sọ̀rọ̀ ìyàwó."

Cornelius wo Mọ́ládé. Ìwé náà ni Mọ́ládé tẹjú mọ́. Òógùn bo Cornelius nínú ọyẹ́.

"Mi ò lè fà á, bàbá. Mọ́ládé ló wọn iṣu yẹn. Bí mo bá fà á, mo ti pe ọmọ yín ní òpùrọ́."

Ládòkun yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Mọ́ládé, ìwọ lo wọn tiwa?"

"Èmi ni, bàbá. Lójú yín."

"Ti Ìgbòho ńkọ́?"

"Èmi náà ni."

Ládòkun pòṣé. "Ajílẹ̀ ni wọ́n fi jù wá lọ." Ó ká ìwé náà, ó fi sábẹ́ apá. "Cornelius, sọ fáwọn òbí rẹ kí wọ́n wá rí mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Lójú ọ̀nà, Cornelius bi Mọ́ládé léèrè. "Ká ní mo fà á ńkọ́?"

Mọ́ládé ki ọwọ́ bọ ọwọ́ rẹ̀. "Ǹ bá ti kọ̀ ọ́ kó o tó gbé pẹ́ńsù sílẹ̀."