Ọ̀rọ̀ Tó Há Sínú Kọnkéré

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó lọ bi Ìyá Ẹ̀rọ, obìnrin tó máa ń fọ́ kọnkéré wò níbi iṣẹ́ wa. Àwa méjèèjì la jọ gbọ́ ọ. Ọ̀sán gangan sì ni.

Kọnkéré tuntun ni mò ń pò, èyí tó le ju ti àtijọ́ lọ fíìfíì. Okùn irin wẹ́wẹ́ ló wà nínú rẹ̀, kò sì ní ihò tí afẹ́fẹ́ lè gbà. Ògiri rẹ̀ kì í nípọn, nítorí náà kì í jẹ yanrìn àti sìmẹ́ńtì púpọ̀, ó sì ń pẹ́ láyé. Ẹ̀gbọ́n mi, bíríkìlà tó kọ́ mi níṣẹ́, a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Dúdú, ṣé ògiri lèyí àbí bébà?" Lọ́jọ́ kan, níwájú àwọn oníbàárà, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ayé ti fi irú yín sílẹ̀." Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni ń fọ́. Ọdún mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ tí à ń da ògiri ilé ìwé kan ló ṣàdédé yọ. Ó dúró ti àpótí irin mẹ́ta tí à ń da kọnkéré ìdánwò sí.

"Dúdú, mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù. A ò lè dáwọ́ dúró báyìí."

Òótọ́ ni. Bí a bá dúró, ojú kọnkéré á gan, èyí tí a bá dà lé e kò ní lẹ̀ mọ́ ọn. Àmọ́ ǹ bá ti lè fún un ní etí kan. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ti lọ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní ó sùn, kò jí mọ́. Ó dùn mí dé eegun.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n tí kọnkéré fi ń gan dáadáa, Ìyá Ẹ̀rọ gbé búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ nínú àwọn mẹ́ta ìdánwò náà sábẹ́ ẹ̀rọ. Irin ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

"Dúdú."

Inú búlọ́ọ̀kù náà ni ohùn ti wá. Gbàù! Ó fọ́.

Ìyá Ẹ̀rọ wò mí. "Ọ̀gá, ta ló pè yín?"

"Ẹ gbé èkejì."

Èkejì pẹ́ díẹ̀ kó tó fọ́. "Dúdú, ní ti ọ̀rọ̀ ọjọ́sí..." Gbàù!

A gbé ẹ̀kẹta. Ọwọ́ aago tó ń fi agbára ẹ̀rọ hàn ń gòkè.

"Dúdú, ní ti ọ̀rọ̀ ọjọ́sí, mo ti..."

Ọwọ́ aago kan òpin. Búlọ́ọ̀kù ò fọ́. Ohùn dákẹ́.

"Ẹ fi kún un, ẹ jọ̀ọ́."

"Ibi tó lè tẹ̀ ẹ́ mọ nìyẹn, ọ̀gá."

Ó ti dárí jì mí ni, àbí ó ti kọ̀ mí ní àbúrò? Mi ò mọ̀. Búlọ́ọ̀kù náà wà lórí tábìlì mi nílé. Mo ti fi òòlù lù ú títí igi òòlù fi ṣẹ́. Èmi fúnra mi ni mo pò ó, mo sì pò ó dáadáa.