Ògbufọ̀ Ọ̀dàlẹ̀ ní Tukur-Tukur

"Gbé ẹní rẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi, ìwọ obìnrin yìí! Ṣé inú ìtọ̀ ni kí àwọn oníbàárà mi gbà kọjá ni?"

Hafeezat ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ní ilé kan ní Tukur-Tukur, ní ìlú Zaria. Ó fi ẹsẹ̀ gbá ẹní náà, ẹní yí gbirigbiri lọ sí ẹ̀gbẹ́ kànga. Suwebat, tó ni ẹní, bẹ̀rẹ̀, ó ń ká a jẹ́jẹ́. Òun gan-an ni ìyálé ilé náà, Hafeezat, tó ń ta oògùn ìfẹ́ fún àwọn obìnrin, ni ìyàwó kejì, ṣùgbọ́n àlejò tó bá wo àwọn méjèèjì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn yóò rò pé ọmọ ọ̀dọ̀ ni Suwebat.

"Ọ̀rọ̀ ò tó ariwo, Hafeezat. Oòrùn ni mo sá a sí."

"Oòrùn wo ló máa gbẹ ìyẹn? Ẹni tí dókítà ti ní kó máa retí ikú, ẹní ló ń sá! Olóòórùn!"

Háà! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu ọmọ aráyé! Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ọkàn yín má baà ṣìnà: kò sí dókítà kankan tó sọ bẹ́ẹ̀ rí. Irọ́ ni. Ẹni tó pa irọ́ ọ̀hún ló tún ń fi ẹsẹ̀ gbá ẹní yẹn. Kò sì mọ̀ pé kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, àṣírí òun yóò tú níṣojú gbogbo obìnrin àdúgbò.

Abúlé kan lẹ́yìn Ìlọrin ni wọ́n bí Suwebat sí. Abdulmutalib, tó ń ta bàtà ní ọjà Sabon Gari, ló lọ fẹ́ ẹ wá sí Zaria. Zaria ni wọ́n bí ọkọ yìí sí, Hausa sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Nígbà tí ìyàwó dé, kò gbọ́ ju "sannu" tí wọ́n fi ń kíni lọ nínú èdè ìlú. Hafeezat, ọmọ Yorùbá tí ilé bàbá rẹ̀ wà ní òpópónà kan náà, ló wá kí i káàbọ̀. Ó ń mú un lọ sọ́jà, ó ń bá a ná ata, ó ń bá a dá onílé lóhùn.

"Hafeezat ni ẹnu mi ní ìlú yìí," ni Suwebat máa ń wí, tayọ̀tayọ̀.

Ẹnu! Ẹ̀yin obìnrin, ẹni tí ẹ bá fi ṣe ẹnu, ẹ yẹ eyín rẹ̀ wò!

Nígbà tí ìrọbí mú Suwebat, wọ́n fi í sílé. Ìyá àgbà kan ní kó máa fara dà á, pé bí wọ́n ṣe ń bí àkọ́bí nìyẹn. Oòrùn yọ, ó wọ̀, ó tún yọ. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn, ọmọ ti kú sí i nínú. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára rẹ̀. Bó jókòó, ó ń dà. Bó sùn, ó ń dà. Kò lè dá a dúró, bí ẹni tí korobá rẹ̀ lu nísàlẹ̀.

Abdulmutalib ní ọjà ò jẹ́ kí òun ráyè, kí Hafeezat bá a mú un lọ rí dókítà. Hausa ni dókítà ọjọ́ náà sọ. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́, ó ń fi ọwọ́ júwe, ó tún rẹ́rìn-ín músẹ́ sí aláìsàn náà.

"Kí ló wí?" ni Suwebat béèrè.

Hafeezat wolẹ̀. "Ó ní kò sí nǹkan tí wọ́n lè ṣe sí i mọ́. Ó ní ká máa lọ sílé."

"Ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín."

"Àánú rẹ ló ń ṣe é."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Hafeezat gbé ọ̀rọ̀ mìíràn lọ bá ọkọ. "Abdul, ilé ọmọ ìyàwó rẹ ti jẹrà. Dókítà ní ọkùnrin tó bá sún mọ́ ọn yóò kó o. Má jẹ́ kó mọ̀ pé mo sọ fún ọ, ọkàn rẹ̀ á bàjẹ́."

Ọkọ ò béèrè ìbéèrè kan. Kò tọ dókítà lọ. Ẹ má bi mí pé kí ló dé! Omidan tó rẹwà ló ń bá a sọ̀rọ̀, ó gbé abọ́ ìrẹsì gbígbóná dání. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó fẹ́ Hafeezat. Wọ́n kó Suwebat lọ sí yàrá ẹ̀yìn ilé, níbi tí wọ́n ti ń kó èédú sí tẹ́lẹ̀.

Ìdánìkanwà yẹn burú ju àìsàn lọ. Ọ̀rọ̀ ilé ọmọ tó jẹrà ti tàn ká àdúgbò. Bó bá se oúnjẹ, wọn ò jẹ ẹ́. Bó lọ síbi ìsọmọlórúkọ, àwọn obìnrin á rọra fà sẹ́yìn lórí ẹní títí yóò fi ku òun nìkan lójú kan. Kò lọ mọ́. Bí àwọn èèyàn bá ń rẹ́rìn-ín nínú ilé, yóò dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, yóò máa gbọ́ ẹ̀rín tí kò kàn án. Ọkọ rẹ̀ a máa kí i láti òkèèrè, bí ẹni tó ń kí ará ọ̀nà. Ọwọ́ èèyàn ò kàn án lára mọ́. Nígbà mìíràn, yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ di èjìká ara rẹ̀ mú, kó lè mọ̀ pé òun ṣì wà láyé.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í dí imú sí i: Àsíátù, opó Hausa tí ògiri rẹ̀ bá ti ẹ̀yìn ilé wọn pààlà. Ìyá náà a máa na kúnú sí i lórí ògiri, a máa pè é ní 'yata, ọmọ mi. Ó ń nawọ́ sí nǹkan, ó ń dárúkọ wọn. Suwebat ń tẹ̀ lé e. Díẹ̀díẹ̀, èdè tó dà bí ariwo ẹyẹ létí rẹ̀ di ọ̀rọ̀. Àwọn ará ilé ò mọ̀. Ta ni ì bá sọ ọ́ fún, nígbà tí wọn kì í bá a sọ̀rọ̀?

Lọ́jọ́ Sátidé tí Hafeezat ta ẹní rẹ̀ nípàá yìí, Àsíátù gbọ́ ariwo náà. Ó yọjú lórí ògiri, ó sì bá a sọ̀rọ̀ ní Hausa.

"Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Gbọ́: àwọn dókítà obìnrin wà nílé mai unguwa lónìí. Wọ́n ń gba ọ̀dọ́mọbìnrin, wọ́n ń gba abiyamọ, wọ́n ń gba arúgbó bíi tèmi. Àrùn rẹ yìí, yoyon fitsari ni, ìtọ̀ tó ń dà láìdúró. Wọ́n ń tún un ṣe."

Suwebat dìde dúró. "Wọ́n ń tún un ṣe? Dókítà ní kò sóhun tí wọ́n lè ṣe sí i."

"O gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀?"

Ẹ̀rín dókítà ọjọ́ yẹn ni Suwebat rántí. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, omijé ń já bọ́. Lẹ́yìn náà, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó dára jù nínú èyí tó kù fún un, ó sì jáde.

Èrò kún iwájú ilé mai unguwa, olórí àdúgbò. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Hilda ló ń kọ́ wọn. Ọmọ Kàbbà ni, ó ń gbé ní Wusasa, ó sì ń sọ Hausa bí omi.

"Ìnira nǹkan oṣù tó ń dá ọmọbìnrin dùbúlẹ̀, ẹ má pè é ní ìmẹ́lẹ́ o! Ẹ mú un wá. Ẹ̀yin ìyá, bí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró pátápátá, tí ẹ̀jẹ̀ wá padà yọjú, ẹ má ní ẹ ti padà di ọmọge! Ẹ tètè wá." Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. "Ẹ má fi aboyún sílé kí oòrùn yọ kó sì wọ̀ bá a lórí ìrọbí. Àwọn oògùn tí wọ́n sì ń tà pé kẹ́ ẹ kì sí ojú ara kí ọkọ lè fẹ́ràn yín, ẹ dákun, ẹ má kì í! Iná lẹ ń kì síbẹ̀."

Ẹ̀yìn pátápátá ni Suwebat jókòó sí. Àga ọ̀tún rẹ̀ ṣófo, tòsì ṣófo. Nígbà tí wọ́n pè é wọ inú àgọ́ dókítà, ẹnì kan sáré wọlé tẹ̀ lé e, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìyálé mi! Ẹ ò sọ fún mi! Ta ló máa ṣe ògbufọ̀ fún yín?"

Hafeezat ni! Oníbàárà kan ló ta á lólobó. Ẹ wo bó ṣe ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, ẹni tó pè é ní olóòórùn láàárọ̀!

Dókítà, obìnrin Hausa kan tó wọ awò ojú, béèrè bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Kíá ni Hafeezat gba ọ̀rọ̀ náà sọ, ó ń fi Hausa ro ẹjọ́: láti kékeré ni ìtọ̀ ti ń dà lára obìnrin yìí, orí rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ pé, ọkọ rẹ̀ ò sì fẹ́ kí wọ́n fi abẹ kàn án. "Ba ta so a yi mata aiki," ni ó fi parí ọ̀rọ̀. Pé Suwebat fúnra rẹ̀ ò fẹ́ iṣẹ́ abẹ!

Suwebat gbọ́ gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ò bọ́ sílẹ̀. Ó dìde.

"Ƙarya kike yi!"

Irọ́ lò ń pa! Igbe náà lọ títí dé ìta, gbogbo èrò sì yíjú sí àgọ́. Hafeezat fà sẹ́yìn bí ẹni tí ejò bù jẹ.

"O... o gbọ́ Hausa?"

"Mo gbọ́ ọ! Ibi tí ẹ tì mí sí lẹ́yìn ilé ni mo ti kọ́ ọ!" Ó yíjú sí dókítà, ó sì ń bá a sọ ọ́ ní Hausa: "Lórí ìkúnlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi kú. Orí mi pé. Mo fẹ́ iṣẹ́ abẹ náà. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ẹ!"

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà, ó pe Hilda, nítorí ó fẹ́ kí obìnrin náà gbọ́ ọ ní èdè ìyá rẹ̀. Hilda di ọwọ́ Suwebat mú.

"Àǹtí mi, orí ọmọ ló tẹ ẹran ara yín mọ́lẹ̀ pẹ́ jù, ibẹ̀ sì lu sínú àpò ìtọ̀. Ìdí rẹ̀ tí ìtọ̀ fi ń dà nìyẹn. Wọ́n lè rán an pa. Ilé ọmọ yín ò jẹrà bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ládùúgbò. Kò lè ran ẹnikẹ́ni."

"Ẹ tún un sọ."

"Kò lè ran ẹnikẹ́ni, àǹtí mi."

Suwebat ò wo ojú rẹ̀. Ọwọ́ tó dì í mú ló ń wò.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Abdulmutalib. Kẹ̀kẹ́ gbé e dé láti Sabon Gari. Níwájú mai unguwa, dókítà bi í pé ta ló sọ fún un pé àrùn náà ń ranni.

"Hafeezat ni," ni ó wí, ojú ń tì í. "Ó ní dókítà ló sọ ọ́."

"Mo fi Àlùkùránì búra..." ni Hafeezat bẹ̀rẹ̀.

"Má fi búra!" Suwebat dá a dúró. "Kí ni dókítà yẹn sọ lọ́jọ́ náà? Sọ ọ́ lónìí, kí èmi náà gbọ́."

Hafeezat wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí ojú kan tó ṣàánú rẹ̀. Ó bá bú sígbe, ẹ̀mí ìlara tó ti ń gbé nínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ jáde síta.

"Ó ní kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀, kó padà wá fún iṣẹ́ abẹ! Ó ní yóò sàn! Ṣé ó ti tẹ́ yín lọ́rùn? Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ Abdul! Ojú pópó kan náà la ti dàgbà! Ó wá lọ gbé ará oko tí kò lè béèrè iyọ̀ lọ́jà wá lé mi lórí!"

"Ìyẹn lo ṣe bà mí láyé jẹ́?" Suwebat béèrè. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Hafeezat, ìwọ nìkan ni mo ní."

Kí Hafeezat tó fèsì, ìyàwó tuntun kan fò dìde láàárín èrò. "Irú ẹ̀ ló ṣe fún èmi náà! Kayan mata, oògùn ìfẹ́ tó tà fún mi, ló ń jó mi lábẹ́ títí di òní! Mo sọ fún un, ó ní ìfẹ́ ló ń ṣiṣẹ́!" Ẹlòmíràn ní tòun ń ṣẹ̀jẹ̀. Ariwo sọ! Ọ̀dàlẹ̀! Apànìyàn! Àwọn tó ń kúnlẹ̀ nítorí oògùn rẹ̀ láàárọ̀ ni wọ́n ń lé e jáde ní ọ̀sán. Mai unguwa ní kò gbọdọ̀ tà á mọ́ ní àdúgbò òun. Ọkọ kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló padà sí, ó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, àwọn obìnrin sì ń gba òdìkejì kọjá. Ohun tó fún ẹlòmíràn mu, òun náà ń mu ún wàyí.

Ní ti Suwebat, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀. Wọ́n fi rọ́bà sí i tó ń gba ìtọ̀ títí egbò fi jiná. Lọ́jọ́ tí wọ́n yọ ọ́, ó sùn ọ̀sán, ó sì jí. Ó fi ọwọ́ kan aṣọ ibùsùn. Gbígbẹ! Ó tún fọwọ́ kàn án níbòmíràn. Gbígbẹ! Hilda bá a níbi tó ti ń sunkún, kò sì bi í ní ohun tó ń ṣe é.

Abdulmutalib wá bẹ̀ ẹ́ ní ilé ìwòsàn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Hafeezat ló tàn mí, Suwebat."

"Ó tàn yín lóòótọ́. Mo ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin gbọ́ Hausa, ọkọ mi. Ẹ̀yin ì bá ti béèrè."

Ọkùnrin náà dìde, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀ nù.

"Mo fẹ́ lọ rí ìyá mi," ni Suwebat wí.

"Ìgbà wo lo máa padà?"

"N kò tíì mọ̀."

Àsíátù sìn ín dé ibùdókọ̀, ó dì mọ́ ọn, ó gbàdúrà fún un. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìlọrin kún. Wọ́n fún àwọn obìnrin pọ̀ sórí ìjókòó, Suwebat sì wà láàárín wọn. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí kò mọ̀ rí ló jókòó tì í. Kí ọkọ̀ tó rìn jìnnà, oorun gbé ọmọ náà lọ. Orí rẹ̀ tẹ̀, ó tẹ̀, títí ó fi wá balẹ̀ sí èjìká Suwebat.

Suwebat jẹ́ kí orí náà wà níbẹ̀. Ọwọ́ Suwebat kú, ẹ̀yìn ro ó, ọkọ̀ kọjá kòtò lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n kò mira, kí ọmọ náà má baà jí.