Ìjọ Tó Wọ Rélùwéè Lọ sí Ṣikágò

Ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù Karùn-ún ọdún 1917 ni Pásítọ̀ Hosea Maddox dìde lórí pẹpẹ ìjọ Òkè Nébò ní Cane Hollow, nílẹ̀ Misisípì. Ó wo ìsàlẹ̀, kò rí ju èèyàn mọ́kànlá lọ. Lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n lé ní ogóje níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin á wọ kóòtù dúdú tí oòrùn ti sọ di àwọ̀ eérú, àwọn obìnrin á dé fìlà koríko tí wọ́n ta rìbọ́ọ̀nù mọ́ lára, abẹ̀bẹ̀ á sì máa lọ á máa bọ̀ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ní báyìí, ìjókòó ló pọ̀ ju ìdí lọ. Pásítọ̀ pa Bíbélì dé.

Ó ní, "Ẹ̀yin ará, mi ò ní wàásù lónìí. Lẹ́tà tèmi náà ni mo fẹ́ gbà."

Ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè ibi tó ń lọ. Ṣikágò ni gbogbo ayé ń lọ. Ogun ti dé Yúróòpù, àwọn òyìnbó tó máa ń sọdá omi wá ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ àríwá kò wá mọ́, àwọn onílé iṣẹ́ ńlá ibẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé aláwọ̀ dúdú náà ní ọwọ́ méjì. Nílé, kòkòrò ti jẹ òwú tán lóko, ìwọ̀nba tó kù, onílẹ̀ ló ń gbé e. Bí ọkùnrin bá sì la ẹnu sí i, okùn àti igi kò jìnnà. Ta ló fẹ́ dúró sínú irú ilé bẹ́ẹ̀?

Ṣùgbọ́n ọmọ ìjọ Òkè Nébò kì í dìde kó kàn máa lọ. Ó gbọ́dọ̀ gba lẹ́tà. Ìjọ á jókòó, ẹnì kan á dábàá, ẹnì kan á kín in lẹ́yìn, wọ́n á nawọ́, akọ̀wé á wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé lágbájá jẹ́ ọmọlúàbí, pé kí ìjọ tó bá dé gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹni tí kò ní lẹ́tà, àlejò lásán ni. Ó lè ti pààyàn níbi tó ti ń bọ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Arábìnrin Arvella Tolliver, opó tó ga tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, ti ń kọ lẹ́tà wọ̀nyí. Láti ìgbà òtútù, ìka rẹ̀ kò gbẹ tádàwà. Ó kọ ti ọmọ rẹ̀, ó kọ ti àbúrò rẹ̀, ó kọ ti ọ̀tá rẹ̀ pàápàá, ó sì pè é ní ọmọlúàbí.

Nígbà tí oṣù Kẹfà fi máa parí, ó ku èèyàn méjì péré nínú ìwé ìjọ. Arvella ni ọ̀kan. Èkejì ni Bàbá Cato Fentress, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, tí wọ́n bí nígbà ẹrú, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ri òpó àkọ́kọ́ ilé ìsìn náà mọ́lẹ̀.

Arvella wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó ṣí ìwé ìpàdé.

"Bàbá, ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀."

"Ta ni alága?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin lẹ dàgbà jù."

"Akọ̀wé ńkọ́?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní akọ̀wé ńkọ́?"

"Èmi nìyí."

"Kọ ọ́ sílẹ̀ pé akọ̀wé wá."

Ó kọ ọ́. Ó wá dábàá pé kí ìjọ fún Arábìnrin Arvella Tolliver ní lẹ́tà, ó sì gbé ọwọ́ sókè. Bàbá Cato fi ọwọ́ méjèèjì lé orí ọ̀pá rẹ̀.

"Ta ló lòdì sí i?" bàbá fúnra rẹ̀ ló béèrè. Ó sì gbé ọwọ́ tirẹ̀ náà. "Ọ̀kan gbà, ọ̀kan kọ̀. Àbá ti ṣubú. Ẹ jẹ́ ká ṣe oore-ọ̀fẹ́."

Ẹlòmíràn ì bá kọ lẹ́tà ara rẹ̀ nílé kó sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣebí ọwọ́ rẹ̀ ni kálàmù wà. Arvella kọ́. Obìnrin yìí ti fi òfin yẹn dá díákónì kan dúró nígbà kan, ó ti fi dá ọkọ ara rẹ̀ lẹ́kun. Kò ní wá rú u nítorí ara rẹ̀. Ó padà wá lọ́sẹ̀ kejì, bàbá kọ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó se ẹ̀wà àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ó dín búrẹ́dì àgbàdo, ó gbé e síwájú alága. Bàbá jẹ ẹ́ tán, ó lá ọwọ́.

"Oúnjẹ yìí dùn, Arvella. Mi ò gbà."

Ọmọ rẹ̀ kọ̀wé láti Ṣikágò pé iyàrá ti wà nílẹ̀, pé kí ló ń dá màmá dúró. Báwo lèèyàn ṣe máa sọ pé ìbò ló fìdí òun rẹmi? Lọ́sẹ̀ kẹrin, kò ṣí ìwé. Ó jókòó ti bàbá lórí àga iwájú.

"Bàbá, kí ni mo fi ṣe yín?"

"O ò fi nǹkan kan ṣe mí."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi so mí mọ́lẹ̀?"

Bàbá na ọ̀pá rẹ̀ sí ọ̀nà ìta. "Mi ò tíì pé ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ta ìyá mi. Ọ̀nà iwájú ilé yìí ni kẹ̀kẹ́ ẹṣin gbà gbé e lọ. Látìgbà yẹn, gbogbo ẹni tó bá gbé ẹrù gba ọ̀nà yẹn, mi ò rí ẹyọ ẹnì kan kó padà. Bó o bá lọ, ta ló máa mọ̀ pé èmi náà jẹ́ ẹnì kan rí? Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Mo ti sọ ọ́."

"Ẹ ò ṣe tẹ̀ lé wa?"

"Èèyàn tó lé ní ogóje ló gba lẹ́tà nínú ilé yìí, mo nawọ́ sí gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹnì kan tó yíjú sí mi pé, 'Bàbá, tiyín ńkọ́?'"

Ojú ti Arvella débi pé kò lè wo bàbá lójú. Òun gan-an ló ka orúkọ ìjọ láti òkè délẹ̀, tó ń ka ẹni tó ń lọ àti ẹni tó máa lọ, tó sì ti fi Bàbá Cato sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú àga àti òpó. Ó dìde, ó ṣí ìwé.

"Mo dábàá pé kí ìjọ yìí fún Arákùnrin Cato Fentress ní lẹ́tà, àti Arábìnrin Arvella Tolliver pẹ̀lú, lẹ́ẹ̀kan náà."

Bàbá nu ojú. "Mo kín in lẹ́yìn. Ẹni tó bá gbà kó nawọ́."

Ọwọ́ méjì ló lọ sókè. Kò sí ẹni tó lòdì.

Wọ́n dé ibùdókọ̀ ojú irin láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bàbá wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí sítáàṣì mú le, Arvella wé gèlè aláwọ̀ aró, ó sì fi ìwé ìjọ sáàárín ẹ̀wù rẹ̀. Ọlọ́pàá òyìnbó kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́, ó ń ya á, ó ń lé wọn padà sóko. Ó bojú wo Bàbá Cato.

"Àgbàlagbà, ibo lò ń lọ?"

"Mò ń lọ kú lọ́dọ̀ àwọn èèyàn mi, ọ̀gá."

Ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín. Irú ìwọ̀nyí, òwú mélòó ló tún lè já? "Obìnrin yìí ńkọ́?"

"Òun ló máa sin mí."

"Ẹ kọjá."

Wọ́n jókòó, ọkọ̀ gbéra. Nígbà tí Cane Hollow ti lọ sẹ́yìn pátápátá ni Bàbá Cato tó sọ̀rọ̀. "Ó mà ti tó ọgọ́rin ọdún tí wọ́n ti ń fojú tẹ́ńbẹ́lú mi. Òní ló kọ́kọ́ wúlò fún mi." Arvella rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ní Ṣikágò, èéfín bo ojú ọ̀run, òórùn ilé ìpẹran sì wọ inú aṣọ dé inú irọ̀rí. Ní òpópónà State, ẹrù àwọn òyìnbó Áírìṣì àti ti Jámánì ń jáde lẹ́nu ọ̀nà kan, ti àwa aláwọ̀ dúdú ń wọlé lẹ́nu ọ̀nà kejì. Àwọn mìíràn nínú wọn ń bú wa kí wọ́n tó lọ, àwọn mìíràn ju òkò sí fèrèsé wa. A ṣa gíláàsì nílẹ̀, a ta aṣọ sójú fèrèsé, a sùn. Luvenia Sparks, ọmọ Òkè Nébò tó ń di ẹran sínú agolo nílé ìpẹran, ló wá pàdé wọn, torí ọmọ Arvella wà lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú, ó mú wọn lọ sí ìjọ ńlá olókùúta kan, ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti pẹ́ nílùú.

Akọ̀wé ibẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Winthrop Ames, wọ ìbọ̀wọ́ funfun. Ó kí wọn dáadáa, àmọ́ ìkíni náà kò dénú.

"Màmá, ẹ káàbọ̀. Àwọn ará gúúsù máa ń kọ́kọ́ jókòó lẹ́yìn kí wọ́n tó mọ ìṣe wa. A kì í kígbe nínú ìsìn. Gèlè yẹn náà, ẹ ó bá wa fi fìlà rọ́pò rẹ̀."

Bàbá Cato ní, "Tí Ẹ̀mí bá wá bà lé mi ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kó ní sùúrù dìgbà orin, bàbá."

Arvella ti na lẹ́tà méjèèjì sí i. Ó fà wọ́n padà. "Ẹ jẹ́ ká lọ rò ó, ọ̀gá."

Lórí àtẹ̀gùn ìta, Arvella ká lẹ́tà méjèèjì pọ̀. Ó ti jà fún oṣù kan nítorí bébà yìí, níbi tó ti fẹ́ fi í lélẹ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n fi hàn án. Luvenia fà á lápá.

"Màmá, ẹ má bínú sí mi. Èmi náà ò tíì fún wọn ní tèmi."

"Láti oṣù Kejì?"

"Ó wà nínú àpótí mi. Ti Thomas Gaddy wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Pásítọ̀ Maddox tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ nílé ìpẹran, àpò ló fi tirẹ̀ sí. A máa ń lọ jókòó lẹ́yìn, a máa ń bọ̀. Ọkàn wa ò gbà pé ká fi í sílẹ̀."

Arvella jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó tú lẹ́tà rẹ̀, ó ka ìlà tó kẹ́yìn sókè, ìlà tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ ju ogóje ìgbà lọ: *Ọmọ ìjọ Òkè Nébò ló jẹ́ títí di ọjọ́ tí ìjọ mìíràn bá gba lẹ́tà yìí lọ́wọ́ rẹ̀.* Ó tún un kà.

"Luvenia, wọn ò tíì gbà á lọ́wọ́ yín?"

"Rárá o, mà."

"A jẹ́ pé ẹ ò tíì kúrò nínú ìjọ. Ìjọ wa ò kú. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ṣí lọ ni."

Bàbá Cato bú sẹ́rìn-ín. "Òfin rẹ yìí," ó ní, "mo ti ń ṣépè fún un látọjọ́ yìí. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ."

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ilé ọtí tí ará Jámánì kan ti pa dé ní òpópónà State ni wọ́n péjọ sí. Òórùn bíà ò tíì kúrò lára pákó. Orí tábìlì tí wọ́n ti ń ta ọtí ni Pásítọ̀ Maddox gbé Bíbélì lé, omi tó fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ nílé ìpẹran ò sì tíì jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ gbẹ. Arvella ṣí ìwé, ó pe orúkọ bó ṣe wà. Luvenia Sparks. "Mo wà ńbí." Thomas Gaddy. "Mo wà ńbí, mà." Wọ́n ń dáhùn láti orí àga, láti ẹnu ọ̀nà, láti orí àwọn àgbá tí wọ́n dojú wọn dé. Pásítọ̀ náà jẹ́ orúkọ tirẹ̀ nígbà tó kàn án. Ẹni mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ló jẹ́ orúkọ lọ́jọ́ yẹn, igbe tó sì tẹ̀ lé e, Ọ̀gbẹ́ni Ames ì bá gbọ́ ọ láti ilé rẹ̀. Nígbà tí ìjọba ka orí ní ọdún 1920, àwa aláwọ̀ dúdú ìlú yẹn ti ju ìlọ́po méjì iye tí a jẹ́ lọ́dún mẹ́wàá ṣáájú. Èmi tí mò ń sọ ọ́, mo wà nínú ilé ọtí náà lọ́jọ́ yẹn, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe jẹ́ orúkọ, ìdí nìyẹn tí iye ìjọba ò fi yà mí lẹ́nu.

Bí Arvella ṣe fẹ́ pa ìwé dé, ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí dìde lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Roscoe Bibb ni, ará Jọ́jíà. Bàtà rẹ̀ ti lu.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá yín ṣe."

Arvella gbójú sókè. "Lẹ́tà yín dà, arákùnrin?"

"Kò sí, mà. Akọ̀wé ìjọ wa ló kọ́kọ́ sá lọ."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó di fìlà rẹ̀ mú ṣinṣin, ó ń wo ilẹ̀. Àwọn èèyàn yíjú sí akọ̀wé. Wọ́n mọ Arvella, wọ́n sì mọ òfin.

Bàbá Cato fi ọ̀pá dìde. "Mo dábàá pé kí á gbà á. Ọ̀nà tó gbà wá, gbogbo wa la gba ibẹ̀."

Kò tíì sí ẹni tó la ẹnu, akọ̀wé ti nawọ́ sókè, òun tí kò dá sí àbá àlejò rí fún ọdún mọ́kàndínlógún.

"Mo kín in lẹ́yìn," ni Arvella wí.

Gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè. Ó ti kálàmù bọ tádàwà, ó kọ Roscoe Bibb sí ipò kejìdínlọ́gọ́rùn-ún. Nígbà tó kan ibi tí wọ́n ń kọ ìlú ẹni sí, ó dúró, ó bojú wo alàgbà rẹ̀.

"Bàbá, kí ni kí n kọ pé ó jẹ́? Ará Jọ́jíà?"

"Kọ ọ́ pé ará ibí ni," Bàbá Cato ní. "Bó o bá kọ tirẹ̀ tán, kó o padà sókè lọ kọ tèmi náà bẹ́ẹ̀."