Orúkọ Rẹ̀mílẹ́kún Lórí Mọ́tò Olè

Àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè ni Rẹ̀mílẹ́kún fi sísọ́ọ̀sì la àga ẹ̀yìn mọ́tò Chevelle àtijọ́ aláwọ̀ búlúù kan, tó fa fóòmù tó ti gbó jáde, tó wá rí bébà kan tí wọ́n ká sáàárín sípíríǹgì. Bébà náà ti pọ́n, etí rẹ̀ ń rún. Ó mọ ohun tó jẹ́. Láyé ọjọ́un, àwọn tó ń to mọ́tò pọ̀ nílé iṣẹ́ máa ń gbàgbé ìwé iṣẹ́ sínú àga: irú ẹ́ńjìnnì, irú ọ̀dà, àti nọ́ńbà ṣaasí. Àwọn tó ń ra mọ́tò àtijọ́ ka irú bébà bẹ́ẹ̀ sí wúrà. Inú rẹ̀ dùn. Ó lọ síwájú mọ́tò, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi nọ́ńbà inú bébà wé ti ara páànù kékeré tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù.

Wọn ò bára mu.

Ó tún un kà. Nọ́ńbà mẹ́fà tó gbẹ̀yìn yàtọ̀ pátápátá. Ó wo ìṣó méjì tó di páànù náà mú. Ti ilé iṣẹ́ máa ń ní orí bí òdòdó. Orí ìwọ̀nyí rí róbótó, irú èyí tí òun alára fi ń kan awọ mọ́ àga.

Ọdún kẹta rèé tí Rẹ̀mílẹ́kún ti ń rán àga mọ́tò ní ṣọ́ọ̀bù yìí, ní Norcross. Télọ̀ ni nílé, n'Íbàdàn. Nígbà tó dé Amẹ́ríkà, iṣẹ́ gbígbé arúgbó sórí bẹ́ẹ̀dì ló fi bẹ̀rẹ̀, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kọ̀ ọ́. Déolú ló yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n ń lọ. Déolú máa ń ra Chevelle, Charger àti Mustang tó ti dípẹtà, á tún wọn ṣe títí wọn á fi máa bú bíi kìnnìún, á sì tà wọ́n fún olówó.

Nǹkan kan sọ sí i lọ́kàn. Nínú oṣù kẹta, bàbá Amẹ́ríkà adúláwọ̀ kan tó ń jẹ́ Jonah wá láti Loganville, ó lẹ ìwé mọ́ ògiri wọn. Ó ní ìgbà tí òun wà lọ́dọ̀ ìyàwó òun nílé ìwòsàn ni olè ṣí gáráàjì òun tó gbé Chevelle òun lọ. Pupa ni tirẹ̀. Bàbá náà ò tíì jìnnà tí Déolú fi ya ìwé náà kúrò, ṣùgbọ́n Rẹ̀mílẹ́kún kì í fi bébà ṣòfò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ya ìwọ̀n àga kan sí. Ó ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó yí bébà náà padà. Nọ́ńbà tí Jonah kọ àti èyí tó ti inú sípíríǹgì jáde, ọ̀kan náà ni.

"Aunty, kí lẹ ń wò?"

Déolú ló dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Déolú, mọ́tò ta nìyí?"

"Mọ́tò wa ni."

"Wọ́n jí i ni. Wo nọ́ńbà."

Déolú rọra gba bébà méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tan iná tí wọ́n fi ń jó irin, ó sun wọ́n sínú korobá. Ó wá fa àga kan jáde.

"Ẹ jókòó, Aunty."

Ó jókòó. Déolú kó fáìlì kan síwájú rẹ̀.

"Ta ló ni ṣọ́ọ̀bù yìí?"

"Ìwọ ni."

"Ẹ kà á."

Orúkọ òun fúnra rẹ̀ ló rí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù. Orúkọ rẹ̀ lójú ewé kìíní, orúkọ rẹ̀ lójú ewé ìkejì. Ó rántí. Ní ọjọ́ Sunday kan, lẹ́yìn ìsìn, Déolú tẹ́ ìwé sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní láìsẹ́ǹsì ṣọ́ọ̀bù ń fẹ́ ẹlẹ́rìí. Kò mú awò ojú rẹ̀ dání. Ibi méje ló sáìn.

"Mọ́tò mọ́kànlá la ti tà," Déolú wí. "Mẹ́rin nínú wọn, àwọn tó ni wọ́n ṣì ń wá wọn. Ọwọ́ yín ló wà nídìí gbogbo ẹ̀. Tí ọlọ́pàá bá dé báyìí, ta ni wọ́n máa mú?"

Rẹ̀mílẹ́kún pa fáìlì náà dé.

"Mo bi yín ní ìbéèrè, Aunty."

"Èmi ni."

"Ẹ ṣeun. Túnmiṣe ọmọ yín sì wà ní nursing school. Ẹ má jẹ́ ká ba nǹkan jẹ́ fún un."

Láti ọjọ́ náà ni Déolú ti ń wá gbé e nílé láràárọ̀, tó sì ń dá a padà nírọ̀lẹ́. Ó gba fóònù rẹ̀, ó ní òun fẹ́ bá a tún un ṣe. Nígbà tí Túnmiṣe pè, Déolú fi í sórí speaker, ó sì dúró tì í.

"Mummy, are you okay? Ohùn yín rí somehow."

"Iṣẹ́ ló pọ̀, ọmọ mi."

Ní Wẹ́sìdeè, ó lọ sẹ́yìn bíi pé ilé ìyàgbẹ́ ló ń lọ. Ó bá àgádágodo tuntun lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Lọ́sàn-án, obìnrin tó ń fi ọkọ̀ ta oúnjẹ dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù. Rẹ̀mílẹ́kún gba rìsíìtì, ó yá bírò lọ́wọ́ obìnrin náà, ó ti kọ "Please call" tán kó tó gbọ́ èémí lẹ́yìn ọrùn rẹ̀.

"Aunty, ṣé oúnjẹ lẹ ń rà ni àbí lẹ́tà lẹ ń kọ?"

Ó fún rìsíìtì náà pọ̀ sínú àtẹ́lẹwọ́.

Ní Fraidé, Déolú mú un lọ sí ilé ìkẹ́rù kan ní College Park, létí pápákọ̀ òfurufú. Ọkọ̀ agbọ́kọ̀ ti gbé Chevelle náà ṣáájú wọn. Ẹnì kan ti rà á ní Dubai, bàlúù ló sì máa gbé e. Wọ́n ní ẹni tó ni mọ́tò fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá sáìn. Jálẹ̀ ọ̀nà, bàlúù ń fò kọjá lórí wọn, Déolú ń fọhùn jẹ́jẹ́.

"Ẹ kàn sáìn, Aunty. Tí bàlúù bá ti gbéra, ọ̀rọ̀ ti parí. Àb'ẹ́ẹ fẹ́ sùn lẹ́wọ̀n?"

Akọ̀wé ilé ìkẹ́rù náà, obìnrin, yẹ ìwé wò, ó gbójú sókè.

"Ma, ṣé ẹ̀yin lẹ ni mọ́tò yìí?"

Déolú gbé ọwọ́ lé èjìká Rẹ̀mílẹ́kún. Rẹ̀mílẹ́kún mú bírò. Ó ń rí Túnmiṣe nínú aṣọ nọ́ọ̀sì. Ó sì ń rí bàbá Loganville tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ téèpù mọ́ ògiri kí ìwé rẹ̀ má baà já. Títí di ìṣẹ́jú yẹn, bébà nìkan ló ń pè é ní olè. Tó bá sáìn báyìí, olè ló dà lóòótọ́.

Ó fi bírò sílẹ̀.

"Rárá. Wọ́n jí i ni. Ẹni tó jí i ló dúró tì mí yìí. Ẹ pe ọlọ́pàá. Tí wọ́n bá máa mú èmi náà, kí wọ́n mú mi."

"Ṣé orí ẹ dàrú ni?" Déolú jágbe. "O fẹ́ pa mí!"

Kò sọ "o" sí i rí. Ó yára rẹ́rìn-ín sí akọ̀wé, ó ní ara Aunty òun ò yá. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ti gbé fóònù. Déolú fò jáde. Chevelle wà nínú ọgbà, kọ́kọ́rọ́ wà nínú rẹ̀. Ó kó sínú rẹ̀, ó tẹ tọ́tù, ó tún un tẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń tẹ ejò pa, ó sì yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì húkọ́, ó dákẹ́. Òun tó máa ń fọ́nnu pé òun mọ mọ́tò àtijọ́ ju ẹni tó ṣe é lọ, ìbẹ̀rù ti mú un gbàgbé pé wọn kì í tẹ tọ́tù irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ léraléra. Epo ti bò ó mọ́lẹ̀. Géètì ti ń tì. Ó ń yí kọ́kọ́rọ́ ṣáá títí bátìrì fi kú, títí ọlọ́pàá fi kan gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tó ń jẹ́ Joanna ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn méjèèjì, ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?" ló bi Rẹ̀mílẹ́kún.

"Mọ́ńdè."

"Òní ni Fraidé. Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ẹ̀rù bà mí. Mo sì ti sáìn ohun tí n kò kà."

Joanna kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọjá sí yàrá kejì.

"Ta ló ni ṣọ́ọ̀bù?"

"Aunty ni," Déolú dáhùn. "Ẹ wo ìwé. Mo kàn ń bá wọn ṣiṣẹ́ ni."

"Ta ló pààrọ̀ nọ́ńbà?"

"N ò mọ̀."

"O sun bébà, o ò lè sun irin. Ilé iṣẹ́ tẹ nọ́ńbà kan náà sábẹ́ mọ́tò. Ẹni wa ti fi dígí wò ó. Ti Jonah ni." Ó gbé ọ̀ra kan lé tábìlì: páànù nọ́ńbà méje, ìṣó olórí róbótó, irin tí wọ́n fi ń tẹ nọ́ńbà. "Gáráàjì rẹ la ti kó wọn nírọ̀lẹ́ yìí. Ṣé Aunty ló ń gbé níbẹ̀?"

Déolú ti ọ̀ra náà sẹ́yìn. Ó tọrọ omi. Nígbà tó mu ún tán, ó jẹ́wọ́. Ó máa ń ra ìwé mọ́tò tó ti jóná, á wá irú rẹ̀ tó ṣì dára nílé àwọn àgbàlagbà, á jí i, á kùn ún, á kan nọ́ńbà òkú mọ́ alààyè.

"Kí ló dé tó o fi lo orúkọ obìnrin yẹn?"

"Ó gbà mí gbọ́," ló wí.

Wọ́n dá Rẹ̀mílẹ́kún dúró di ọ̀sán ọjọ́ kejì kí wọ́n tó ní kó máa lọ, pé ẹlẹ́rìí ni yóò jẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n rí mẹ́rin tó kù nínú mọ́tò tí wọ́n jí.

Ọjọ́ tí Jonah wá gba tirẹ̀ lọ́gbà ọlọ́pàá, Rẹ̀mílẹ́kún àti Túnmiṣe lọ bá a níbẹ̀. Bàbá náà rìn yí mọ́tò ká.

"Wọ́n kùn ún ní búlúù," ló wí, bí ẹni tí wọ́n gé irun ọmọ rẹ̀ láìbi í.

"Sir," Rẹ̀mílẹ́kún sọ, "orúkọ mi ló wà lórí ìwé tí wọ́n fẹ́ fi tà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Jonah wò ó. "Wọ́n sọ ohun tẹ́ ẹ ṣe ní pápákọ̀ òfurufú fún mi." Ó ṣílẹ̀kùn, ó jókòó sídìí sítíárì, ó fa fóònù yọ, ó pe ìyàwó rẹ̀. "Bridget? Inú rẹ̀ ni mo wà báyìí. Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti jókòó sínú rẹ̀."

Ẹ̀rín arúgbó bú jáde láti inú fóònù náà, gbogbo ọgbà gbọ́ ọ. Jonah na fóònù síta kí Rẹ̀mílẹ́kún lè gbọ́ ọ dáadáa, ó sì fi ọwọ́ kejì nu ojú. Látọjọ́ Mọ́ńdè yẹn, omi kan ò tíì bọ́ lójú Rẹ̀mílẹ́kún. Ìgbà yẹn ló tó sunkún.