Ìwé Méjì Tó Pòórá ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Àgbájọwọ́

Ramlat aránṣọ, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Enugu Road, ni ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà lọ́dún tí ó ṣẹlẹ̀. Ohun tí kò fi ojú ara rẹ̀ rí, ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó rí i.

Ní àárọ̀ Sátidé kan ní ìparí ọdún 1978, Mísíìsì Olúbùnmi, ọ̀gá àgbà Kọ́lẹ́ẹ̀jì Àgbájọwọ́ ní Sabon Gari ní ìlú Kano, ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì fi igbe ta.

Ìwé Ìlọsíwájú ti lọ.

Kì í ṣe ìwé lásán. Gbogbo ohun tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣe láti oṣù kìíní títí dé ìparí ọdún ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó wọlé láìmọ A, tó ń kọ lẹ́tà báyìí. Ẹni tó yege nínú ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ aṣọ ti gbà síṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ti abúlé wá, òmíràn ń gun kẹ̀kẹ́ ìrìn wákàtí méjì, nítorí kí orúkọ wọn lè wọ inú ìwé yẹn. Ìnísípẹ́kítọ̀ ìjọba ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Tí kò bá rí ìwé náà, ìjọba kò ní fọwọ́ sí ìwé-ẹ̀rí ẹnikẹ́ni lọ́dún yẹn.

Mísíìsì Olúbùnmi kò fẹ́ ariwo. Ó ránṣẹ́ sí Railway Quarters, sí Bàbá Obadiah.

Sájẹ́ńtì ọlọ́pàá rélùwéè ni Obadiah kó tó fẹ̀yìntì. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wá ẹrù tó sọnù nínú wágúnù ọkọ̀ ojú irin. Ó ga, ó gbẹ, kì í yára sọ̀rọ̀.

“Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, Bàbá,” ni Mísíìsì wí kó tó jókòó. “Mo mọ olè náà. Ẹ kàn bá mi gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ni.”

“Ta ni?”

“Rahinat tó ń gbálẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ méjì péré ló wà. Ọ̀kan ń bẹ nínú báàgì mi. Èkejì, ọwọ́ rẹ̀ ni mo fi pamọ́ sí. Tí ìwé ò bá jáde títí di ọ̀sán ọjọ́ Ajé, mo máa fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.”

Obadiah lọ dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó wo àgádágodo kọ́bọ́ọ̀dù náà. Kò sí ibi tí irin ti ha á. Ó wo inú. Eruku ti bo pákó ìsàlẹ̀, àmọ́ ojú ibi méjì mọ́ roro, ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

“Ìwé kan lẹ pè tó sọnù, Mísíìsì. Kí ló wà níbi kejì?”

Ó wá wò ó. “Háà! Ìwé orúkọ kíláàsì táípù ni. Mi ò tiẹ̀ kíyè sí i. Kí lẹnikẹ́ni fẹ́ fi ṣe?”

“Ṣé wọ́n jọra ni?”

“Ọjọ́ kan náà la rà wọ́n. Ẹlẹ́yìn pupa ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n mo kọ ÌLỌSÍWÁJÚ gàdàgbà sára èyí, mo kọ TÁÍPÙ sára ìyẹn. Afọ́jú nìkan ló lè ṣì í mú.”

“Olè wa wá gbé méjèèjì.”

Mísíìsì ronú díẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́. “Ṣé ẹ rí i báyìí? Rahinat ò mọ̀wé! Kò mọ èwo ni èwo, ló bá kó gbogbo ẹ̀!”

Obadiah bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù náà. Ilẹ̀kùn méjì ni, híńjì méjì-méjì. Níbi híńjì apá òsì, ẹnu síkúrù kọ̀ọ̀kan, ìlà orí rẹ̀ tí wọ́n fi ń yí i, ń wo ibi tó wù ú, bí àwọn ènìyàn tó ń bínú síra wọn. Níbi ti apá ọ̀tún, gbogbo ẹnu síkúrù dúró ṣánṣán, wọ́n wo òkè bí sójà lórí pápá. Nǹkan funfun díẹ̀ lẹ̀ mọ́ etí ọ̀kan. Ó fi èékánná họ ọ́, ó gbóòórùn rẹ̀.

Ọṣẹ ni.

“Ìgbà wo lẹ rí ìwé náà kẹ́yìn?”

“Lánàá, Jímọ̀, ní agogo mọ́kànlá. Mo pe àwọn olùkọ́ jọ. Mo ní lọ́dún yìí, èmi kọ́ ni máa ka ìwé fún ìnísípẹ́kítọ̀. Olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ló máa dìde ka ojú ewé tiẹ̀. Mo fi ìwé hàn wọ́n, mo tì í pa. Agogo méjìlá, gbogbo wa ti lọ. Àwọn mùsùlùmí lọ kírun, àwa yòókù lọ jẹun.”

“Ọ́fíìsì ńkọ́?”

“A kì í ti ọ́fíìsì. Kọ́bọ́ọ̀dù nìkan ni à ń tì.”

Rahinat wà lẹ́yìnkùlé, ó jókòó sórí garawa tó dojú dé. Obìnrin bí ọmọ ọdún márùndínlógójì ni, opó ni, ó ní ọmọ kan, Bushrat. Obadiah kò pè é lórúkọ, ó kí i ní èdè Hausa.

“Sannu, Ìyá Bushrat.”

“Yauwa, Bàbá. Wallahi tallahi, mi ò mú nǹkan kan. Wọ́n ní àwọn ó fà mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Bí wọ́n bá mú mi, ta ló máa fún ọmọ mi lóúnjẹ?”

“Aago mélòó lo dé lánàá?”

“Méjì ààbọ̀. Mo bá Mọ́lẹ́mù Ṣàràfá tó ń kọ́ wọn ní aṣọ rírán lẹ́nu géètì. Ó ní agbòjò òun lòun wá mú.”

Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan sára ògiri tó dojú kọ wọ́n. Obadiah fi ọ̀pá tọ́ka sí i.

“Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn?”

Ara Rahinat balẹ̀ díẹ̀. Ó ń lọ sí kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà ní ìrọ̀lẹ́. Ó na ìka, ó ń tẹ̀ lé e. “Ẹ... má... tu... itọ́... síbí.” Ó mí. “Ẹ má tutọ́ síbí. Bàbá, ẹ wò ó, orúkọ mi wà nínú ìwé tí wọ́n ní mo jí yẹn. Ojú ewé kọkànlá. Wọ́n kọ ọ́ pé mo yege. Tí mo bá ń gbálẹ̀, tí kọ́bọ́ọ̀dù bá wà ní ṣíṣí, mo máa ń ṣí i wò. Kí ló dé tí mo fi máa jí ara mi gbé?”

Obadiah fi ọ̀pá tilẹ̀. Ó dìde.

Ní kíláàsì aṣọ rírán, Ṣàràfá kò jẹ́ kó kí òun tán.

“Ọlọ́pàá ti dé! Ẹ wá wo abẹ́ fìlà mi, Bàbá, bóyá ìwé wà níbẹ̀.”

“Wọ́n ní o bá Mísíìsì jà.”

“Mo jà! Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé aṣọ rírán rẹ̀yìn. Èṣí, méjìdínlógún yege. Ọdún yìí, mẹ́sàn-án. Ẹ bi í bóyá ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀rọ mẹ́ta ló kù fún ogún akẹ́kọ̀ọ́. Èmi ni kí n jí ìwé? Mo fẹ́ kí ìnísípẹ́kítọ̀ rí i ni! Mo ti ń múra èébú sílẹ̀ láti ìjẹrin.”

“Agbòjò wo lo wá mú nínú ẹ̀ẹ̀rùn?”

“Òòrùn Kano ò pa yín rí ni? Ẹ bi Adédèjì káfíńtà o. Òun ni kò lọ sí Jímọ̀.”

“Onígbàgbọ́ ni Adédèjì. Kí ló fẹ́ lọ ṣe ní Jímọ̀?”

Ṣàràfá rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Síkúrù kan ti ń tú lára ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀. Obadiah ní kó dè é kó má bàa já bọ́. Ṣàràfá fa kọ́bọ̀ kan yọ lápò, ó fi yí i gàgà, ó fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ ní wíwọ́. Obadiah wò ó, ó dágbére.

Ó gbọ́ ohùn Adédèjì kó tó dé ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Ọkùnrin náà ti lé ní àádọ́ta ọdún. Òun ló ṣe àga ìwàásù ṣọ́ọ̀ṣì wọn, tí àwọn àlejò máa ń fọwọ́ pa bí ẹni pa ọmọ lórí. Ó dúró láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó gbé síkúrù kan sókè.

“Ẹ fi ọṣẹ pa á kó tó wọlé, igi ò ní la. Tó bá wọlé tán, ẹnu ẹ̀ gbọ́dọ̀ wo òkè. Tó bá wo ẹ̀gbẹ́, eruku á jókòó síbẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹnu síkúrù ẹ̀ ò bá dọ́gba, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni mo kọ́ yín!”

Obadiah dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti mọ ọwọ́ iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n èèyàn mọ́kànlélógún ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ọwọ́ kan náà ni gbogbo wọn ní.

Ó pe Japhet, olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Níbo lẹ wà lánàá ní ọ̀sán?”

“Àdúgbò Brigade, sà. À ń to tábìlì sí ilé-ìwé kan níbẹ̀. Gbogbo wa. Ìrọ̀lẹ́ la tó padà.”

“Kò sẹ́ni tó kúrò?”

“Rárá o. Àfi Ọ̀gá. Wọ́n wá síbí fún ìpàdé Mísíìsì. Wọ́n dé bá wa ní agogo méjì.”

“Ta ló ń kọ ojú ewé káfíńtà sínú Ìwé Ìlọsíwájú?”

“Èmi ni, sà. Ọ̀gá á máa sọ, èmi á máa kọ. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ń gbọ̀n.”

Obadiah gbójú sókè. Lọ́ọ̀ọ́kán, Adédèjì fi pẹ́ńsù fa ìlà kan sórí pákó láìlo rúlà. Ìlà náà tín-ín-rín bí irun, ó tọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó kó wọn jọ sí ọ́fíìsì: Mísíìsì, Rahinat, Ṣàràfá, Adédèjì. Ó mú bébà kan jáde.

“Mo ti kọ ohun tí ẹ sọ fún mi sílẹ̀. Kí ẹ fọwọ́ sí i ló kù. Mọ́lẹ́mù, ìwọ kọ́kọ́.”

Ṣàràfá gbà á, ó wò ó, ó fajú ro. “Kí ni ìranù yìí? Mi ò lè—”

“Tí o kò bá fọwọ́ sí i, dákẹ́. Gbé e fún Ọ̀gá Adédèjì.”

Adédèjì gbà á. Ojú rẹ̀ lọ láti òkè bébà dé ìsàlẹ̀, kò yára, kò falẹ̀. Ó mi orí. “Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe sọ ọ́,” ló wí. Ó mú bírò, ó ya orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀, ó rẹwà bí iṣẹ́ ọnà.

Obadiah gba bébà náà. Ó nà án sí Rahinat.

“Ìyá Bushrat, kà á fún wa.”

“Òun kẹ̀?” ni Mísíìsì wí.

Rahinat na ìka sí i. “Ẹni... tí ó... bá fọwọ́... sí ìwé yìí...” Ó dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń le sí i. “Ẹni tí ó bá fọwọ́ sí ìwé yìí kò mọ̀ ọ́n kà.”

Ó gbé bébà náà lé tábìlì. Adédèjì gbé bírò sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

“Ẹ̀yin ni, Ọ̀gá,” ni Obadiah wí. “Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ kò ní í tú híńjì. Ẹ tú híńjì apá ọ̀tún, ẹ gbé ilẹ̀kùn kúrò, àgádágodo ò mọ̀. Ẹ tún dè é padà. Olè mìíràn ì bá fi síkúrù sílẹ̀ bó bá ṣe bọ́ sí i. Ẹ̀yin ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ pa á. Ẹ yí ẹnu ẹ̀ sókè. Ẹ wá bá ìwé pupa méjì níbẹ̀, ẹ ò mọ èwo ni èwo.”

Adédèjì wo ọwọ́ ara rẹ̀.

“Bàbá mi gbé àpò ẹrù ní rélùwéè,” ló wí. “Kò rán mi nílé-ìwé. Iṣẹ́ ló rán mi. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń kọ́ ọmọ níbí, kò sẹ́ni tó mọ̀. Mísíìsì wá ní kí n dìde kàwé níwájú ìjọba, níwájú àwọn ọmọ mi. Mo rò ó, mo ní ó sàn kí ìwé má sí.”

“Níbo ni wọ́n wà?”

“Mo kàn wọ́n mọ́ abẹ́ tábìlì iṣẹ́ mi. Mo ní kí n sun wọ́n. Mo ṣá ìṣáná. Ọwọ́ mi ò gbà. Orúkọ gbogbo àwọn ọmọ mi wà nínú ẹ̀, mi ò sì mọ ojú ewé wo.”

“Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí wọ́n pe èmi lólè, Ọ̀gá,” ni Rahinat wí. Kò pariwo. “Láti Sátidé. Ẹ gbọ́ ọ. Ẹ ń fi ọṣẹ pa síkúrù.”

Adédèjì dìde. Ó lọ tú ìwé méjèèjì wá.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìnísípẹ́kítọ̀ dé. Ìwé wà lórí tábìlì. Japhet ló ka ojú ewé káfíńtà. Adédèjì jókòó sẹ́yìn, ó tẹríba, ìgbìmọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì kò tíì sọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún un. Ṣàràfá sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ mẹ́ta títí tí ìnísípẹ́kítọ̀ fi kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ojú ewé kọkànlá, wọ́n pe Rahinat. Ó kà á, kò kọsẹ̀ rárá. Ìnísípẹ́kítọ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó fún un ní ìwé-ẹ̀rí.

Mísíìsì Olúbùnmi bá a lẹ́nu ọ̀nà.

“Rahinat, ṣó o rí i? Ọlọ́run ti dá ẹ láre. Ọ̀rọ̀ ti tán. Àwọn àlejò á lọ láìpẹ́, kí o wá bá wa tún gbọ̀ngàn ṣe.”

“Ẹ ò béèrè lọ́wọ́ mi, Mísíìsì,” ni Rahinat wí. “Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbálẹ̀ fún yín. Ẹ ò tiẹ̀ bi mí pé ṣé èmi ni.”

“Ọ̀rọ̀ inú ìbẹ̀rù ni. Má fi ṣe ìbínú.”

“Mi ò bínú. Wọ́n ń wá ẹni tó lè ka orúkọ aláìsàn ní ilé ìwòsàn kan ní Brigade. Mo ti kọ lẹ́tà sí wọn. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́.”

Ó fi ìwé-ẹ̀rí sábẹ́ abíyá. Ó wọ sálúbàtà rẹ̀.

“Rahinat!” Mísíìsì sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí àtẹ̀gùn. “Ìyá Bushrat! Jọ̀ọ́, dúró!”

Ramlat ní gbogbo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń wò ó láti ojú fèrèsé. Rahinat la àárín àwọn kẹ̀kẹ́ tó wà nínú ọgbà kọjá, ó jáde ní géètì, ó yà sí ọ̀nà Brigade. Mísíìsì tún pè é. Kò bojú wẹ̀yìn.