Àlàfo Ìka Kan

Ọjọ́ tí káfíńtà kọ́kọ́ rí ọmọ onípákó, ọmọbìnrin náà ń fi ìka kan igi ní ilé ìlagi bàbá rẹ̀, ó sì tẹ́tí sí i bí ẹni ń gbọ́ òfófó.

"Kí ló wí?" ni káfíńtà béèrè.

"Ó ní irú yín kì í gbọ́ràn."

Ẹ̀rín pa á, ìfẹ́ sì wọ̀ ọ́ lára lọ́jọ́ náà.

Igi-irin ni wọ́n ń pe igi ọ̀hún, igbó ẹ̀yìn ìlú ló ti ń wá. Ó pupa, ó wúwo, ikán ò lè jẹ ẹ́. Ìṣó a máa tẹ̀ lára rẹ̀, àfi téèyàn bá kọ́kọ́ lu ihò. Àmọ́ bó bá mu omi, fífẹ̀ ló ń fẹ̀, ohun tó bá sì dènà rẹ̀, yóò tì í wó.

Nígbà tí ìgbéyàwó kù sí dẹ̀dẹ̀, ìyá káfíńtà ní kó fi igi náà tẹ́ ilẹ̀ yàrá ìyàwó.

"Ọkọ mi, fi àlàfo ìka kan sílẹ̀ létí ògiri yíká o," ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wí. "Igi yẹn máa ń mí."

Ìyá yarí. "Kí aáyán lè ráyè wọlé? Kò tíì wọlé ọkọ, ó ti ń pàṣẹ. Kàn án mọ́ ògiri pinpin."

Káfíńtà mọ̀ pé kò dáa, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ìyá rẹ̀ bà á ju ti igi lọ. Ó kàn án pinpin. Ó wá fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ bo ẹsẹ̀ ògiri, ó sì sọ fún olólùfẹ́ rẹ̀ pé àlàfo wà lábẹ́ rẹ̀. Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà.

Òjò bẹ̀rẹ̀, kò sì dá. Omi wọ abẹ́ pákó, àárín yàrá ń wú, ó ń dún kẹ́kẹ́. Káfíńtà ò lè jẹun mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n gbé ìyàwó wọlé, ìyá mú un wọ yàrá náà láti to aṣọ rẹ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Pákó ta sókè, ògiri sán.

"Ọkọ mi, ilẹ̀kùn ò ṣí," ni ìyàwó ké láti inú sí káfíńtà tó sáré dé ẹnu ọ̀nà. "Ṣé o fi àlàfo yẹn sílẹ̀? Sọ òótọ́, kí n mọ ibi tí a máa dúró sí."

Káfíńtà fi iwájú orí ti ilẹ̀kùn. "Mi ò fi sílẹ̀."

Ìyàwó yíjú sí ìyá ọkọ rẹ̀.

"Màmá, ẹ kúrò lẹ́bàá ògiri. Ìwọ, mú ayùn, kí o gé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn."

Káfíńtà gé e, ìyá ló sì kọ́kọ́ rá jáde. Ìyàwó tẹ̀ lé e, ògiri sì ya lulẹ̀ lẹ́yìn wọn.

"Èmi ni mo ní kó kàn án bẹ́ẹ̀, ọmọ mi," ni ìyá wí.

"Ẹ̀yin ò mọ igi, Mà. Òun mọ̀ ọ́n."

Ìyàwó rọra gbọn eruku ayùn kúrò lórí káfíńtà. "Mo ṣì nífẹ̀ẹ́ rẹ. Àmọ́ ẹ̀rù rẹ ń bà mí báyìí."

Ó wọ inú òjò lọ láìgbé aṣọ kankan. Káfíńtà dúró pẹ̀lú ayùn lọ́wọ́, ó ń gbọ́ bí pákó tó kù ṣe ń dún.